Àwọn tó fẹ́ràn ọba ju ọba lọ: ibo ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí Tsar bọ́ lórí ìtẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará, ẹ là mí lóye. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ apá ọ̀tún ilẹ̀ Rọ́ṣíà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Ọgọ́rùn-ún Dúdú, pọ̀ bí eṣú láyé Tsar Nicholas Kejì. Wọ́n ń pa èèyàn nítorí ọba, wọ́n ń sun ilé nítorí ọba. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọba náà bọ́ lórí ìtẹ́ ní 1917, ẹyọ ẹnìkan ò yọjú nínú wọn? Tèmi ni pé jàǹdùkú tí ìjọba ń sanwó fún lásán ni wọ́n, kò sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. Kí ẹni tó bá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ já mi nírọ́.

* * *

Màá já yín nírọ́ dé ìdajì. Owó ìjọba wọ àpò wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló bí wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọjọ́ bó ṣe tẹ̀ léra, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ọdún 1905 le fún Tsar. Japan ti nà án lójú ogun, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ débi pé rélùwéè ò rìn mọ́. Ní 17 October, ó fọwọ́ sí ìwé kan tó gba aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí wọ́n sì kóra jọ, ó sì ṣèlérí ilé aṣòfin tí wọ́n ń pè ní Duma. (Kàlẹ́ńdà àtijọ́ tiwọn ni mò ń tẹ̀ lé, tiwa fi ọjọ́ 13 ṣáájú.) Bí àwọn kan ṣe ń jó pé òmìnira dé, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn gbé àwòrán ọba àti ti àwọn ẹni mímọ́ jáde, tí wọ́n ń lu ẹni tí kò bá ṣí fìlà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti kọlu àwọn Júù níbi tó lé ní 600. Ní Odessa nìkan, àwọn Júù tí wọ́n pa lé ní 400.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ìṣọ̀kan Àwọn Ènìyàn Rọ́ṣíà, tó tóbi jù nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, November ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní St. Petersburg. Dókítà àwọn ọmọdé kan, Alexander Dubrovin, ni olórí wọn. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹgbẹ́ yẹn ló ṣètò ìpakúpa October, ẹ bi í pé ẹgbẹ́ wo? Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn kí wọ́n tó pe ìpàdé àkọ́kọ́. Ìbínú ti wà nílẹ̀. Wọ́n kàn wá ṣà á jọ, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún rèé, torí ẹnìkan ti ń bi mí bóyá ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Kò kàn wá rárá. Láyé àtijọ́ ní Rọ́ṣíà, ará ìlú tí kò ní oyè, tó ń san owó orí, ni wọ́n ń pè ní "dúdú", ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n sì ń kà wọ́n. Àwọn ọ̀tá ló kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn bú wọn. Àwọn náà gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, mẹ̀kúnnù ni wá, kí ló kù?

* * *

"Jàǹdùkú lásán ni wọ́n." Ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta ló ti tún un sọ lẹ́yìn ẹni tó béèrè.

Jàǹdùkú wà láàárín wọn, mi ò jiyàn. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó kù: oníṣọ́ọ̀bù kékeré, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé olókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àlùfáà ìjọ Orthodox, akọ̀wé ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ ò tó jẹun, alábàárù ní èbúté Odessa, àgbẹ̀. Wọ́n ṣí ilé tíì fún irú wọn. Ẹni tí kò bá tíì dúró de bọ́ọ̀sì ní Kyiv (abẹ́ Tsar nìlú náà wà nígbà yẹn) nínú oṣù January kò lè mọ ohun tí ife tíì kan ń ṣe fún ọmọ èèyàn. (Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ dókítà ni mo lọ kọ́.) Wàá wọlé látinú òtútù, wàá bá tíì gbígbóná, àwòrán ọba lára ògiri, àti ìwé ìròyìn Dubrovin, Russkoye Znamya, lórí tábìlì. Bí o kò bá mọ̀wé, ẹlòmíì á kà á sí ọ létí. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè ohunkóhun rí láyé rẹ̀ wá ní báàjì láyà, wọ́n ń pè é ní ọmọ Rọ́ṣíà tòótọ́. Ẹ má fojú kékeré wo báàjì yẹn.

Ní 1907 sí 1908, wọ́n tó nǹkan bí 400,000. Owó lè kó èrò jọ fún ọ̀sán kan. Mo ti rí èrò ìpolongo ìbò nílé tí wọ́n fi búrẹ́dì kó, tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ ẹni tí wọ́n wá kí kí ọkọ̀ tó gbé wọn padà. Èyí ò jọ ìyẹn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ní mò ń fọ̀ wọ́n mọ́. Rárá o. Apààyàn ni wọ́n, mo sì lè ka orúkọ.

Mikhail Herzenstein, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ọmọ Júù, wà nínú Duma àkọ́kọ́. July 1906 ni wọ́n yìnbọn pa á ní Terijoki, lẹ́bàá òkun Finland. Finland gbẹ́jọ́ náà, wọ́n dá àwọn kan lẹ́bi, Tsar sì dárí jì wọ́n.

Ní January 1907, ó kan Sergei Witte, ẹni tó ti jẹ́ olórí ìjọba, tí wọ́n gbà pé òun ló fipá mú Tsar fọwọ́ sí ìwé October yẹn. Wọ́n fi okùn sọ bọ́ǹbù oníàgógo méjì sínú ihò tí èéfín ń gbà jáde nílé rẹ̀. Kò bú. Ẹni tó fẹ́ dáná sí ààrò ló rí okùn.

Ẹ wá gbọ́ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Kazantsev ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ọgọ́rùn-ún Dúdú tó tún ń bá ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé bọ́ǹbù náà. Ó wá àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n kórìíra Tsar, ó ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi tiwọn lòun, ó sì rán wọn lọ pa ọ̀tá tòun. Ọ̀kan nínú wọn, Fedorov, ló tún yìnbọn pa Grigory Iollos, akọ̀ròyìn tó ti wà nínú Duma, ní Moscow ní March. Kazantsev ti sọ fún un pé ọ̀dàlẹ̀ ẹgbẹ́ ni Iollos. Ẹ̀yìn ìgbà tó ka ìwé ìròyìn ló tó mọ ẹni tóun pa. Kò pariwo. Ó ń bá Kazantsev rìn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, títí wọ́n fi jọ wọ igbó kan lẹ́bàá St. Petersburg láti to bọ́ǹbù mìíràn. Ibẹ̀ ló ti fi ọ̀bẹ pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé wọn ò gbọ́n, ẹ tún ìyẹn rò.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó.

Ní 23 December 1905, Tsar gba Dubrovin àtàwọn èèyàn rẹ̀ lálejò. Wọ́n fún un ní báàjì méjì, ó gba tirẹ̀, ó sì gba ti ọmọ rẹ̀ Alexei, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan àbọ̀. Nígbà tó tú Duma kejì ká ní June 1907, ó fi tẹligíráàmù dúpẹ́ lọ́wọ́ Dubrovin. Ta ni kò ní gbé àyà ga? Owó náà sì ń jáde lábẹ́lẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ètò abẹ́lé, fún ìwé ìròyìn, fún ìbò, fún èyí àti tọ̀hún.

Ibi tí mo ti bá ẹni tó béèrè gbà nìyí: owó yẹn bà wọ́n jẹ́. Stolypin, olórí ìjọba, ń fún ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀, ó sì ń háwọ́ sí ẹni tó bá bú u. Dubrovin kórìíra rẹ̀, torí pé Stolypin gbà kí Duma wà, ó sì ń fọ́ ilẹ̀ àjọní àwọn àgbẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Vladimir Purishkevich bínú jáde lọ dá ẹgbẹ́ Máíkẹ́lì Olú-Áńgẹ́lì sílẹ̀. Nikolai Markov gba Ìṣọ̀kan mọ́ Dubrovin lọ́wọ́; Dubrovin lọ dá òmíràn sílẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di 1912, ẹ̀yà mẹ́ta ló ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pe èkejì ní olè. Ní 1916, iye wọn ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 45,000.

* * *

Bọ̀ọ̀dá kan bi mí ní tààrà: "Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ olówó ni wọ́n, kí ni àgbẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

Ilẹ̀ ni. Ní Volhynia, ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn mọ́ǹkì ilé ìsìn Pochaev ló ń darí ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń tẹ ìwé wọn pín lábúlé. Ọmọ Poland ló pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ ńláńlá níbẹ̀, Júù ló pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ ò tó fún gbọ́ pé "Rọ́ṣíà fún àwọn ará Rọ́ṣíà", ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí pé wọ́n máa pín ilẹ̀ ọmọ Poland fóun. Ẹ ṣàkíyèsí pé ààlà ilẹ̀ ọba ni wọ́n ti lágbára jù, níbi tí ẹ̀yà ti pọ̀. Níbi tó jẹ́ pé ará Rọ́ṣíà nìkan ló wà, ta ni wọ́n fẹ́ nàka sí? Àmọ́ àwọn ọlọ́lá tó wà lókè ẹgbẹ́, Markov fún àpẹẹrẹ, onílẹ̀ làwọn náà. Ilẹ̀ ò pín. Àgbẹ̀ padà sílé.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Àdúgbò Lukianivka ni mo gbé ní Kyiv, ní ọ̀dọ̀ màmá àgbàlagbà kan tó ń ta ewébẹ̀ lọ́jà. Ó máa ń pè mí ní ọmọ mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan la jọ ń gun òkè bọ̀, mo bá a gbé àpò ọ̀dùnkún. Ó dúró kó mí díẹ̀, ó nàka sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọmọ tí àwọn Júù pa.

Mo mọ ọmọ tó ń sọ. Andrei Yushchinsky, ọmọ ọdún 13, ni wọ́n rí nínú ihò ní March 1911, ojú ọgbẹ́ 47 lára rẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ apá ọ̀tún Kyiv, Idì Olórí Méjì, ń pín ìwé pé Júù ló pa á láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣètùtù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Golubev, ló ń lé ọ̀rọ̀ náà kiri lọ́dọ̀ àwọn agbófinró. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń jẹ́ Krasovsky tọ ipasẹ̀ ọ̀ràn náà lọ sílé Vera Cheberyak, ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ náà, níbi tí àwọn olè ti ń kó ẹrù pamọ́. Ó jọ pé ilé náà ni ọmọ ti rí ohun tí kò yẹ kó rí. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Krasovsky, wọ́n tún tì í mọ́lé. Mínísítà ètò ìdájọ́, Shcheglovitov, fẹ́ Júù kan. Wọ́n bá a rí Mendel Beilis, tó ń ṣe alábòójútó ní ilé iṣẹ́ bíríkì tó wà nítòsí ihò náà.

Beilis lo ọdún méjì ó lé nínú ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní 1913. Ọjọ́ Sátidé ni ọmọ náà kú. Júù ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ Beilis wà níbi iṣẹ́: rìsíìtì bíríkì tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà ṣì wà. Mo máa ń ronú lórí àwọn rìsíìtì yẹn. Wọ́n ní ó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀sìn. Ẹ̀sìn tí kò pa Sátidé rẹ̀ mọ́ ló sì yọ ọ́.

Àwọn 12 tí wọ́n mú nínú ará ìlú láti dá ẹjọ́ náà, àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi wọ́n. Ṣé ilé iṣẹ́ bíríkì ni wọ́n ti pa ọmọ náà? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé Beilis ló pa á? Wọ́n ní rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ní irọ́ náà wọlé sí gbogbo mẹ̀kúnnù Rọ́ṣíà lára, ìdáhùn yín rèé, kò sì mọ́ tónítóní.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọmọ apá ọ̀tún kan wà tó kọ̀ jálẹ̀. Vasily Shulgin, ará Kyiv, aṣòfin, ẹni tí kò fẹ́ràn Júù rárá, tó sì ń sọ ọ́ gbangba. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Kievlianin, pé ẹjọ́ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ìwé ìròyìn náà, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta fún un. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Mo ro gbogbo èyí fún màmá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tòun ti rìsíìtì, tòun ti olè. Ó gbọ́ mi tán. Ó ń bó ọ̀dùnkún. Ó ní ìyá òun àgbà ò lè purọ́ fóun. Ó sì bu oúnjẹ sí i fún mi.

* * *

Ẹ ti ń pariwo pé mo ti sọnù. Ó yá, 1917.

Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ogun ló gbé àwọn ọkùnrin wọn lọ, ebi sì ń pa Petrograd (orúkọ tí wọ́n ń pe St. Petersburg nígbà yẹn). Òótọ́ ni. Obìnrin tó to ìlà búrẹ́dì nínú òtútù February ò ní gbèjà ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé Ọgọ́rùn-ún Dúdú ló yọ Tsar. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn gan-an ti gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ìtẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá. Witte, ọ̀dàlẹ̀. Stolypin, ọ̀dàlẹ̀. Duma, ilé Júù. Nígbà tí ogun dé, ó kan olorì, torí ọmọ Jámánì ni, ó kan Rasputin, àgbẹ̀ tó sọ ara rẹ̀ di ẹni Ọlọ́run, tó ń wọlé jáde láàfin. Ẹni tó ń fi tíì pẹ̀lú ìwé ìròyìn gba irú ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́, kí ló kù láàfin tó máa wá kú lé lórí?

Ẹ wo Purishkevich. Ọkùnrin yìí ni aláriwo Duma, ó da omi lu Milyukov, aṣòfin bíi tirẹ̀, rí, ìkejì rẹ̀ ò sí nínú ìfẹ́ ọba. Ní 19 November 1916, ó dìde ní Duma, ó bú Rasputin àtàwọn mínísítà débi pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, òun, ọmọọba Yusupov tó fẹ́ ọmọ àbúrò Tsar, àti Dmitri Pavlovich, ìbátan Tsar tímọ́tímọ́, pa Rasputin ní ààfin Yusupov, wọ́n sì sọ òkú rẹ̀ sódò. Wọ́n ní torí ọba làwọn ṣe é. Ọba ò bi wọ́n.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Petrograd yí ìbọn padà ní 27 February, Dubrovin wà nílùú náà. Wọ́n mú un. Wọ́n ti ìwé ìròyìn wọn pa. Ilé tíì kankan ò tú èèyàn jáde.

* * *

Àǹtí kan ní irọ́ ni pé kò sẹ́ni tó yọjú, pé ẹnìkan lọ bá Tsar ní Pskov. Ẹ ṣeun, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Shulgin ni. Òun àti Guchkov, olóṣèlú bíi tirẹ̀, ló wọ rélùwéè lọ bá Tsar ní 2 March. Kò tíì fá irùngbọ̀n, ó ti sùn mọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ojú sì ń tì í láti dúró níwájú ọba bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé ó lọ gbèjà rẹ̀. Ìwé tí Tsar máa fi sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n lọ gbà. Ó rò pé tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ọba ni ọba ti gbé ìtẹ́ sílẹ̀, ìtẹ́ náà á ṣì wà fún ẹlòmíì. Àbúrò Tsar kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

* * *

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ibi tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà. Ní kúkúrú: ibà typhus pa Purishkevich ní Novorossiysk ní 1920. Àwọn Bolshevik, ìyẹn àwọn kọ́múníísì tó gbàjọba, yìnbọn pa Dubrovin ní 1921. Markov sá lọ sí Jámánì, ó bá àwọn Násì ṣiṣẹ́ lórí ìwé tí wọ́n fi ń bú Júù, ó sì kú ní 1945. Beilis lọ sí Palestine, ó tibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1934. Shulgin sá títí dé Yugoslavia. Ọmọ ogun Soviet bá a níbẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1956. Ìlú Vladimir ló ń gbé lẹ́yìn náà, lábẹ́ ìjọba àwọn kọ́múníísì, títí di 1976 tó kú lẹ́ni ọdún 98.